Ta Ló Dúró Lórí Ìtàgé Lálẹ́ Ọjọ́ Náà? Bí Mo Ṣe Ń Tọpa Àwọn Olórin Carmen Ti Ọdún 1875

Ẹgbẹ́ akọrin tí mo wà nínú rẹ̀ níhìn-ín ní London pinnu lọ́dún kan pé a ó kọ díẹ̀ nínú àwọn orin Carmen, ọ́pẹ́rà tí Georges Bizet ṣe. Wọ́n mọ̀ pé mo fẹ́ràn ìwé, wọ́n bá ní kí n kọ ìwé pélébé tí a ó pín lẹ́nu ọ̀nà. Mo kọ ọ́ tọkàntọkàn. Mo to orúkọ àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ lórin ní Paris lọ́dún 1875, mo sì fi fọ́tò obìnrin tó kọ́kọ́ ṣe Carmen, Célestine Galli-Marié, sí ojú ewé kejì. Igba ẹ̀dà la tẹ̀. Nígbà tí a dá ètò dúró kí àwọn ènìyàn lè mu tíì, màmá àgbàlagbà kan, ọmọ Faransé tó ń kó fọ́tò àwọn òṣèré àtijọ́ jọ, rọra fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó fi ìka lé fọ́tò náà, ó ní, "Ọmọ mi, èyí kì í ṣe Célestine. Paola ni, àbúrò rẹ̀."

Igba ìwé ti wà lọ́wọ́ igba ènìyàn. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ gbà wọ́n padà.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ ilé ìkàwé títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibi mẹ́rin ni mo ti rí fọ́tò yìí o, orúkọ Galli-Marié ló sì wà lábẹ́ rẹ̀ níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ibi mẹ́rin, àbí ẹnu mẹ́rin?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kò yé mi lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣí ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí kọ̀ǹpútà kí a jọ wò ó. Gbólóhùn kan náà ló wà níbẹ̀, àṣìkọ kan náà, àmì kan náà ló sì bọ́ kúrò lórí orúkọ Lhérie, ọ̀kan nínú àwọn olórin náà. Ẹnì kan ló sọ̀rọ̀, àwọn mẹ́ta yòókù tún un sọ. Èmi wá kà wọ́n sí ẹlẹ́rìí mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi wí púpọ̀. Wọ́n kàn ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà," wọ́n sì ní kí n lọ wá ìwé tí wọ́n tẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ láti ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé ètò láti kọ, tàbí tó ń kọ́ ọmọ lórin, tàbí tó kàn fẹ́ mọ ẹni tó kọ orin tó fẹ́ràn. Carmen ni mo ó fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí òun ni mo ti fara gbá. Bí ẹ bá mọ ọ̀nà yìí fún Carmen, ẹ ó lè tọ̀ ọ́ fún ọ́pẹ́rà Faransé yòówù ní ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn.

Kí ẹ tó wá orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ mọ alẹ́ tí ẹ ń bèèrè. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí mo ti rí, ibi yìí ló ti bẹ̀rẹ̀. Carmen kì í ṣe eré ọjọ́ kan. Alẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni Ọjọ́rú, ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1875, ní ilé ìṣeré Opéra-Comique ní Paris. Lóṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, wọ́n ṣe é ní Vienna ní èdè Jámánì, Bertha Ehnn ló sì ṣe Carmen níbẹ̀. Lọ́dún 1878 Minnie Hauk kọ ọ́ ní London àti ní New York. Lóṣù Kẹrin ọdún 1883 ó padà sí Opéra-Comique, Adèle Isaac ni wọ́n sì fi ipa Carmen lé lọ́wọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ni Galli-Marié gba ipa rẹ̀ padà. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ni ìwé ń pè ní "àkọ́kọ́": àkọ́kọ́ ní London, àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó padà sí Paris. Bí ẹ bá rí orúkọ Isaac lẹ́gbẹ̀ẹ́ Carmen, ìwé náà lè má purọ́ rárá. Ọdún mìíràn ló ń sọ.

Àwọn Faransé ní ọ̀rọ̀ fún èyí, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ wọ́n bí ẹ kò tilẹ̀ gbọ́ èdè wọn. Tí wọ́n bá ní olórin kan *créa* ipa kan, òun ló kọ́kọ́ kọ ọ́ láyé nìyẹn; wọn kò sọ pé òun ló ronú rẹ̀ tàbí ló kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá rí *reprise*, eré náà ti wà tẹ́lẹ̀, wọ́n tún gbé e jáde ni. *Distribution* ni bí wọ́n ṣe pín ipa fún àwọn òṣèré. *Relâche* sì ni pé ilé ìṣeré kò ṣí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni, wọ́n sì ti gbà mí lọ́wọ́ wàhálà ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé náà tún wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kọ pé ilé Opéra ńlá ti Paris, Palais Garnier tó lẹ́wà yẹn, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe Carmen. Mo mọ ohun tó ń ṣì wọ́n lọ́nà: ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 1875 ni wọ́n ṣí Palais Garnier, oṣù méjì péré ṣáájú Carmen, orúkọ ilé méjèèjì sì jọra. Ṣùgbọ́n ọdún 1959 ni Carmen tó wọ ilé yẹn. Opéra-Comique yàtọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ mú yín rò pé eré ẹ̀rín ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Irú eré tí orin àti ọ̀rọ̀ ẹnu lásán jọ wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì lè parí sórí ikú, bí Carmen ṣe parí. Ilé Opéra-Comique tó wà ní Paris lónìí pàápàá kì í ṣe ilé tí Galli-Marié dúró sí. Iná jó ìyẹn lóṣù Karùn-ún ọdún 1887, ènìyàn púpọ̀ kú síbẹ̀, ọdún 1898 ni wọ́n sì ṣí èyí tó wà báyìí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí fọ́tò inú ilé náà tí wọ́n ní "ibi tí Carmen ti bẹ̀rẹ̀ rèé," ẹ bèèrè ọdún tí wọ́n yà á.

Ó wá kan ìwé ìròyìn. Ìròyìn kò tó àfojúbà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wa tó lè fojú ba alẹ́ yẹn mọ́. Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni ìwé tí ẹni tó jókòó níbẹ̀ kọ, tí wọ́n sì tẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ilé ìkàwé ìjọba Faransé ti ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ìròyìn wọn sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Gallica. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kò nílò láti forúkọ sílẹ̀, fóònù lásán sì tó láti kà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú mi fẹ́ kọ̀ǹpútà jù nítorí lẹ́tà ìgbà yẹn kéré bí ẹyin eèrà.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo ń wọ Gallica, mo ń wá *Le Figaro*, mo sì ń yan ọdún 1875. Kàlẹ́ńdà á jáde, mo á tẹ ọjọ́ 3 oṣù Kẹta. Ojú ewé mẹ́rin gbọ̀ọ̀rọ̀ la máa ń bá. Mo kì í ka ojú ewé àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo ń lọ, níbi tí wọ́n to ilé ìṣeré Paris sí lọ́kọ̀ọ̀kan: orúkọ ilé, aago tí eré ó bẹ̀rẹ̀, orúkọ eré. Èyí ń fi hàn mí pé wọ́n kéde rẹ̀. Kò tíì fi hàn pé wọ́n ṣe é. Olórin lè ṣàìsàn ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n kọ *relâche* sára ilẹ̀kùn, kí ìwé ìròyìn òwúrọ̀ ti jáde tán. Nítorí náà mo á tún ṣí ti ọjọ́ kejì àti ti ọjọ́ kẹta, kí n rí ẹni tó ní òun wà níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ tó wà lórí ìwé pẹ̀lú. Àwọn ìwé ìròyìn ìrọ̀lẹ́ kan ní Paris máa ń kọ ọjọ́ ọ̀la sórí, kó lè dà bí ìwé tuntun fún àwọn ará ìgbèríko tó máa kà á lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí kò mọ̀ yóò sún ìṣẹ̀lẹ̀ síwájú lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn èyí ni mo ń lọ sí *Le Ménestrel*, ìwé ìròyìn orin tó máa ń jáde lọ́jọọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé Carmen bọ́ sí ọjọ́ 7 oṣù Kẹta. Àwọn wọ̀nyí máa ń ní àyè láti sọ̀rọ̀ nípa olórin kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi jáwọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó má bàa mú yín. Tí ẹ bá tẹ orúkọ sínú àpótí ìwárí Gallica tí kò rí nǹkan kan, ẹ má gbà pé kò sí níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ka àwọn ìwé wọ̀nyẹn, kì í ṣe ènìyàn. Tádàwà ti ṣá, ìwé ti rún, lẹ́tà kan sì lè di òmíràn lójú ẹ̀rọ. Mo wá *Lhérie* títí, n kò rí i. Mo yọ àmì orí rẹ̀ kúrò, mo rí díẹ̀. Mo wá kọ *Bouhy* nìkan, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n jọ wà nínú eré náà ni, ojú ewé tí mo ń wá sì jáde. Nígbà tí mo fi ojú ara mi wò ó, Lhérie wà níbẹ̀ gedegbe lórí ìlà tó ṣáájú. Ẹ̀rọ ló ka é-ẹ rẹ̀ sí lẹ́tà mìíràn. Nítorí náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ rọrùn láti kà ni kí ẹ fi wá ẹni tí orúkọ rẹ̀ le. Bí ìyẹn náà kò bá ṣiṣẹ́, ẹ fi àpótí ìwárí sílẹ̀, kí ẹ máa ṣí ìwé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ lọ́wọ́.

Ẹlẹ́rìí kejì ni ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún eré náà fúnra rẹ̀. Méjì ni. Ilé ìtẹ̀wé Choudens tẹ ìwé orin rẹ̀, tí ohùn àti dùùrù wà nínú rẹ̀, lọ́dún 1875. Ilé ìtẹ̀wé Lévy sì tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, èyí tí Henri Meilhac àti Ludovic Halévy kọ láti inú ìtàn Prosper Mérimée. Lójú ewé àkọ́kọ́ irú ìwé báyìí ni wọ́n máa ń to àwọn ẹ̀dá inú eré sí, kí wọ́n kọ orúkọ olórin sí iwájú oníkálùkù. Ẹ̀rí tó dára ni, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Wọ́n lè tún ìwé náà tẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún kí orúkọ àwọn olórin ìgbà àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀ láìyí, kí ẹnì kan sì rò pé àwọn náà ni wọ́n ń kọ ọ́ lọ́dún tí ó ra ìwé.

Ẹ wo ohun kékeré kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Nínú Carmen ti ọdún 1875, àwọn ẹ̀dá méjì wà tí wọn kì í kọrin, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni wọ́n ń sọ: Lillas Pastia, ọkùnrin tó ni ilé ọtí, àti afọ̀nàhàn kan. Lẹ́yìn ikú Bizet, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ernest Guiraud sọ ọ̀rọ̀ ẹnu inú eré náà di orin fún Vienna, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe é káàkiri ayé fún ọdún gbọgbọrọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, kò sí iṣẹ́ fún àwọn méjèèjì mọ́. Nítorí náà tí ẹ bá rí ìwé kan tó ní òun ń to àwọn òṣèré alẹ́ àkọ́kọ́, tí kò sì sí Lillas Pastia àti afọ̀nàhàn níbẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ wo ìwé orin ti ẹ̀yìn ọjọ́ ni. Àìsí wọn ló tú àṣírí rẹ̀.

Orúkọ ló gba àkókò mi jù, àti pé orúkọ ló dùn mí jù, nítorí orúkọ ni mo fi ṣẹ obìnrin yẹn. Àwọn ìwé Faransé ìgbà yẹn kì í sábà kọ orúkọ àbísọ olórin. *M. Bouhy*, *Mlle Chapuy*, *Mme Galli-Marié*: bó ṣe máa ń wà nìyẹn. Tí wọ́n bá to àwọn ọkùnrin léra wọn, *MM.* ni wọn yóò kọ lókè lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó kù á kàn tẹ̀lé e. Ẹni tó kọ́kọ́ lọ wá orúkọ àbísọ kún un lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún lè ti mú orúkọ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká mú Galli-Marié. Marié ni orúkọ ilé bàbá rẹ̀, Galli ni ti ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ agbẹ́gilére, tó sì kú ní kékeré; ó so méjèèjì pọ̀ bí obìnrin wa ṣe ń fi orúkọ bàbá rẹ̀ kún ti ọkọ. Marié de l'Isle ni orúkọ bàbá náà ní kíkún, olórin lòun náà, òun ló tilẹ̀ kọ́kọ́ kọ ipa Tonio nínú ọ́pẹ́rà Donizetti kan ní Opéra-Comique lọ́dún 1840. Àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, Irma àti Paola, di olórin orí ìtàgé. Nítorí náà, tí ẹ bá rí "Marié" nínú ìwé ìròyìn Paris láàárín ọdún 1840 sí 1885, ẹni mẹ́rin ló lè jẹ́, bàbá àti ọmọ mẹ́ta. Ọdún tí wọ́n kọ ọ́, ilé ìṣeré tí wọ́n dárúkọ, àti *Mlle* tàbí *Mme* tó wà níwájú orúkọ ni ẹ ó fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Ká ní mo ti wo ilé ìṣeré ni, ǹ bá ti mọ̀: Paola ló ṣe Clairette nínú La Fille de Madame Angot ní Folies-Dramatiques, ilé ìṣeré mìíràn ní Paris, lọ́dún 1873, aṣọ ipa yẹn ló sì wà lọ́rùn rẹ̀ nínú fọ́tò tí mo tẹ̀.

Ohùn náà máa ń dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pe Paul Lhérie ní olórin ohùn bárítòònù, tí ẹnì kan sì torí ẹ̀ kọ pé kò lè jẹ́ òun ló ṣe Don José, nítorí ohùn tẹ́nọ̀, tó ga ju bárítòònù lọ, ni ipa yẹn. Òun ló ṣe é. Ohùn tẹ́nọ̀ ni ó ń kọ lọ́dún 1875. Ẹ̀yìn ìgbà náà, lọ́dún 1880 sókè, ló sọ̀ kalẹ̀ sí bárítòònù, ó sì ṣe Rodrigo nínú Don Carlo ti Verdi ní Milan lọ́dún 1884. Ìwé atúmọ̀ tó kọ ohùn kan ṣoṣo fún un ń sọ ìdajì ìgbésí ayé rẹ̀ ni. Jacques Bouhy, tó ṣe Escamillo, náà wà bẹ́ẹ̀: wọ́n á pè é ní ọmọ Faransé nítorí ibẹ̀ ló ti kọrin, àmọ́ ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù ni. Bizet gan-an, ẹ lè wá "Georges" títí nínú ìwé ìbí rẹ̀ kí ẹ má rí i, nítorí Alexandre César Léopold ni wọ́n kọ síbẹ̀ lọ́dún 1838. Orúkọ ìsàmì ni Georges.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan ọjọ́ ìbí, ẹ fọkàn sí nǹkan yìí. Títí di ọdún 1871, ẹ̀dà méjì ni Paris ń tọ́jú fún ìwé ìbí, ìgbéyàwó àti ikú, ọ̀kan ní Hôtel de Ville, èkejì ní ilé ẹjọ́ ńlá. Lóṣù Karùn-ún ọdún yẹn, nígbà ogun ìgboro tí wọ́n ń pè ní Commune, iná jó ilé méjèèjì. Gbogbo ìwé tó ti wà ṣáájú ọdún 1860 di eérú. Wọ́n tún díẹ̀ kọ láti inú ìwé ìjọ àti ìwé tó wà lọ́wọ́ àwọn ẹbí, bíi ìdá mẹ́ta rẹ̀. Nítorí náà tí olórin kan bá jẹ́ ọmọ Paris tí wọ́n bí ṣáájú 1860, tí ẹ sì rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ pàtó, ẹ bèèrè pé níbo ló ti wá. Bó bá jẹ́ inú àwọn ìwé tí wọ́n tún kọ ni, ó dára. Bó bá jẹ́ pé ìwé ìròyìn kan ló ṣírò rẹ̀ lọ́jọ́ tí olórin náà kú, ẹ kọ ọdún nìkan.

Nígbà tí orúkọ bá ti dúró, ó kù kí a gbọ́ ohun tí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn. *Le Ménestrel* tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ilé Heugel ló ni ín, Heugel náà sì ń tẹ orin tà. Choudens tó tẹ Carmen ń bá a jà fún oníbàárà kan náà. N kò sọ pé irọ́ ló kọ. Tó bá sọ fún mi pé Mlle Chapuy ló ṣe Micaëla, mo gbà á. Èrè wo ni yóò rí nínú irọ́ ìyẹn? Ṣùgbọ́n tó bá ní orin náà kò dùn, mo á lọ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Orúkọ àti ọjọ́ ni mo ń gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí tó ní èrè nínú ọ̀rọ̀, mo kì í gba ìdájọ́.

Ìtàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé Carmen ṣubú yakata, pé ìbànújẹ́ ló pa Bizet. Mo gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo tilẹ̀ sunkún sí i. Lóòótọ́ àwọn oníwèé ìròyìn púpọ̀ bú u, wọ́n ní obìnrin inú rẹ̀ kò níwà. Lóòótọ́ náà Bizet kú ní ìlú Bougival ní òru mọ́jú ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, oṣù mẹ́ta géérégé lẹ́yìn alẹ́ àkọ́kọ́, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Àmọ́ ẹ padà sí ẹ̀yìn ìwé ìròyìn, síbi tí wọ́n to àwọn ilé ìṣeré sí, kí ẹ máa fa ìlà kan fún gbogbo alẹ́ tí ẹ bá rí *Carmen*. Ìlà yín yóò lé ní ọgbọ̀n kó tó di ọjọ́ tó kú. Eré tó ṣubú kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ìtàgé. Mo sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ "òru mọ́jú": tí ẹ bá rí i pé ìwé kan ní ọjọ́ 2 ó kú, tí òmíràn ní ọjọ́ 3, ẹ rántí pé òru kan ṣoṣo ló gba àárín ọjọ́ méjèèjì kọjá. Àwọn tó ń sọ pé alẹ́ tó kú ni Galli-Marié rí ikú nínú káàdì tó ń ṣí lórí ìtàgé, tí ara rẹ̀ sì bù máṣọ, mo máa ń bèèrè lọ́wọ́ wọn ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìtàn náà àti ẹni tó sọ pé òun wà níbẹ̀. Ìtàn tó dùn tó bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a bi ní ìbéèrè jù.

Ẹ fojú sílẹ̀ pẹ̀lú fún ohun tí ìwé ìròyìn kọ *ṣáájú* eré. Wọ́n ti kọ́kọ́ ro Zulma Bouffar mọ́ ipa Carmen kí ó tó kan Galli-Marié. Ẹni tí wọ́n rò, ẹni tí wọ́n kéde, ẹni tó kọ ọ́: ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lè jẹ́.

Fún àwa ọmọ Yorùbá, ibì kan wà nínú ọ́pẹ́rà yìí tí etí wa máa ń dá mọ̀. Orin tí Carmen fi wọlé ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Habanera, ìyẹn "ti Havana." Bizet rò pé orin ìbílẹ̀ ni, kò mọ̀ pé ẹni kan ló ṣe é. Ẹni náà ni Sebastián Iradier, ọmọ Sípéènì tó ti gbé ní Cuba, tó sì ti kú lọ́dún 1865. Wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ kékeré kan sínú ìwé orin Choudens láti jẹ́wọ́ pé orin kan ti wà tí wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe. Àwọn tó ni *Le Ménestrel* ló sì ni ẹ̀tọ́ orin náà, Heugel yẹn náà ni. Irú ìlù tó wà nísàlẹ̀ orin náà ti gba ọwọ́ àwọn onílù aláwọ̀ dúdú ní Havana kọjá kó tó rékọjá òkun, ní ìlú tí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń pè ní Lukumí wà ní oko ẹrú. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́, ojú wọn a sì tàn. Ṣùgbọ́n n kò kọ ọ́ sínú ìwé ètò pé orin Yorùbá ni. Ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ mi dé Havana, ó dé ọwọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, ó dúró síbẹ̀, èmi náà dúró síbẹ̀.

Bí mo ṣe ń tọ́jú ohun tí mo bá rí kò le. Káàdì kan fún ipa kan. Lókè ni mo ń kọ ipa náà, lábẹ́ rẹ̀ orúkọ gẹ́lẹ́ bí ìwé ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú *M.* tàbí *Mlle* rẹ̀; lẹ́yìn náà ìwé tí mo ti rí i, ọjọ́ rẹ̀, àti ojú ewé. Ìlà kejì wà fún ẹlẹ́rìí kejì, tí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó da ti àkọ́kọ́ kọ. Tí ìlà kejì bá ṣófo, káàdì náà kò tíì lè lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Orúkọ àbísọ ní ìlà tirẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí ibòmíràn ló ti ń wá.

Lọ́dún tó kọjá ẹgbẹ́ wa tún kọ Carmen. Mo tẹ́ káàdì mi sórí tábìlì oúnjẹ ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Galli-Marié, Lhérie, Bouhy, Chapuy. Ducasse tó ṣe Frasquita, Chevalier tó ṣe Mercédès. Dufriche fún Zuniga, Duvernoy fún Moralès, Potel àti Barnolt fún àwọn onífàyàwọ́ méjèèjì. Deloffre tó darí àwọn onílù àti onífèrè. Nathan fún Lillas Pastia. Káàdì afọ̀nàhàn ló kẹ́yìn. Ìlà méjèèjì lókè ti kún, ti orúkọ àbísọ ṣófo. Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n bá mi ka àtúnkà, bi mí pé ṣé kí wọ́n bá mi wá nǹkan kan fi síbẹ̀ kí ojú ewé lè dọ́gba. Mo ní, "Rárá, Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." A sì tẹ̀ ẹ́ bí Paris ṣe tẹ̀ ẹ́: *Afọ̀nàhàn: M. Teste.*